Gìgísẹ̀ Mi àti Ojú Ọkọ Mi

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, gbogbo wa la rò pé yóò sinmi. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó máa ń ya òkè àti odò sójú pátákó, bẹ́ẹ̀ àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́ dúró lójú fèrèsé kíláàsì rẹ̀, ó ń wò wọ́n lójoojúmọ́, kò ráyè gùn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdágbére tí wọ́n ṣe fún un níléèwé ló wọ bàtà, ó mú ọ̀pá, ó ní òun ń lọ sórí òkè.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń jáde, kò sì pẹ́ tí èmi náà fi ń bá a lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn òkè. Àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ wọn àti sílé ọkọ, ilé ti dákẹ́ jù fún mi. Bí ọkọ mi bá wà nílé, ìwé ìròyìn ló máa ń kà. Àmọ́ bó bá ń rìn, ó máa ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn.

Àwọn ọlọ́kadà kò yé da wá láàmú. Wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n á ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ gùn ún ká lọ, oòrùn ti ń mú." Bí a bá ní ńṣe la kàn ń rìn fún ara wa, wọ́n á wo ojú wa, wọ́n á wo bàtà wa, wọ́n á sì rọra fi wá sílẹ̀ bí ẹni tó bá ọlọ́fọ̀ pàdé.

Òkè kan wà tí ọkọ mi ń sọ ju gbogbo wọn lọ. Kò sí ní Ìkẹ́rẹ́. Ó wà lẹ́yìn Ọ̀rùn-Èkìtì, lápá ọ̀nà Ìsẹ̀, nítòsí abúlé tí ìyá rẹ̀ ti dáko nígbà ayé rẹ̀. Orí àpáta yẹn ni ìyá rẹ̀ máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí kó lè gbẹ, òun ọmọ ló sì ń bá a ru agbọ̀n gòkè. Ìyá náà sọ fún un pé lọ́jọ́ tí òjò bá ti fọ ojú sánmà mọ́, èèyàn á dúró síbẹ̀ á rí àpáta Ìkẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ kò rí i rí, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́, ọyẹ́ á ti bo gbogbo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ kú, àwọn ará abúlé kó padà wá sí ìlú, ọkọ mi di olùkọ́, ó fẹ́ mi, a bímọ, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀, ilé á di ulé lẹ́nu rẹ̀, iṣu á di uṣu, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ wà ní yàrá kejì tó ń gbọ́.

"Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa lọ wò ó," ni mo máa ń wí. Ó rọrùn láti wí.

Ọdún kejì tí a ti ń rìn ni gìgísẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Àárọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Bí mo bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ á dà bí ìgbà tí èèyàn fi ẹsẹ̀ lásán tẹ èèpo èkùrọ́. Kí n tó rìn dé ilé ìdáná, á ti rọlẹ̀, màá sì gbàgbé. Bí a bá wá gun òkè tí a ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, á tún dé, iwájú bàtà á sì máa gbá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi títí èékánná rẹ̀ fi dúdú.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní oògùn tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n máa ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí mo bu iyọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òrí ni kí n fi máa ra á lálẹ́. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní ọjọ́ orí ni, kí n jókòó sílé. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, àyàfi jíjókòó sílé.

Ìgbà tí òjò ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá kan rọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọkọ mi jí ní ìdájí Sátidé, ó lọ dúró sójúde, ó wo sánmà, ó padà wọlé.

"Mọ́mì, òní ni," ló wí. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí.

A wọ mọ́tò dé Ọ̀rùn, a bọ́ọ́lẹ̀, a sì fẹsẹ̀ gba inú oko kòkó lọ. Ilẹ̀ tutù, ewé kòkó tó já bọ́ sílẹ̀ ń yọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rìn níwájú mi bí ọmọdé. Ó ń kọsẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo ní, "Dádì, ẹ rọra, ibẹ̀ ò ní sá lọ." Ẹ̀ka igi kan gbá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà rẹ̀ fi ṣí. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rí ẹ̀ka náà tipẹ́, mo rò pé á tẹríba. Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní igi oko kò bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. A kò ronú nǹkan kan sí i.

Nígbà tí a dé ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, tí ọ̀nà sì ń gòkè dáadáa, gìgísẹ̀ mi ti ń jó. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Mo jókòó lórí òkúta, mo bọ́ bàtà. Gìgísẹ̀ ti lé ròrò, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ń wò ó.

"Ṣé o lè rìn?"

"Ẹ máa lọ," ni mo dá a lóhùn. "Èmi á dúró dè yín níbí. Ẹ lọ wò ó, kí ẹ wá sọ fún mi."

Ó gbójú sókè wo ọ̀nà tó kù. Mo rí i pé ó wù ú. Lẹ́yìn náà ló mú bàtà mi, ó gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù.

"Kí ni mo fẹ́ lọ dá wò níbẹ̀?" ló wí. "Òkè kì í kúrò lójú kan. A ó padà wá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti san."

Ó gbé apá mi kọ́ ọrùn, a sì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń kọsẹ̀ bí a ṣe ń lọ, mo rò pé èmi ni mo wúwo fún un.

Ọmọ wa obìnrin tó ń gbé Adó ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan ní ilé ìwòsàn, iṣẹ́ rẹ̀ ni títọ́jú iṣan àti eegun. Ó ní kí n dúró lórí pépà, ó fi bírò yí ẹsẹ̀ mi ká, ó wá gbé bàtà mi lé orí àmì náà. Bàtà náà kéré sí ẹsẹ̀ tó yà.

"Mọ́mì, láti ìgbà wo lẹ ti ń wọ nọ́ńbà yìí?"

"Láti ìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹsẹ̀ máa ń fẹ̀ sí i, ó sì máa ń gùn sí i bí a bá ń dàgbà, pàápàá tí a bá ti bímọ. Bàtà yìí ti ń há yín lẹ́sẹ̀ tipẹ́. Iṣan kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, láti gìgísẹ̀ dé ibi ọmọ ìka. Òun ló wú. Yóò san, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíákíá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi bí mo ṣe lè máa gbọ́ ti ẹsẹ̀ mi. Mo ra bàtà tó fẹ̀. Mo ń dúró síwájú ògiri láràárọ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í, mo na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn títí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi á fi fà. Mo ń gbé omi inú ike sínú fíríìjì kó dì, màá gbé e sílẹ̀, màá fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn. N kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì mọ́. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè di okùn bàtà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí àtàǹpàkò má baà máa sáré lọ gbá iwájú, bí mo ṣe lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ sínú èyí tó nípọn, àti pé bí mo bá ti gbọ́ tí ojú kan ń gbóná lẹ́sẹ̀, kí n dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí n fi pílásítà lé e, kí n má dúró dìgbà tó bá lé ròrò. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, kí n má kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tààrà. Kí n máa gbà á ní ìdábùú, ìgbésẹ̀ kéékèèké, kí orúnkún rọ̀.

Ọkọ mi gba gbogbo ìtọ́jú yìí kanrí ju èmi lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, á jókòó síwájú mi, á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, á máa fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ abẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń béèrè ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè láti ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Nínú oṣù wọ̀nyẹn, ọkọ mi da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó gbá àga mọ́lẹ̀, ó fi èjìká kọlu ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi gan-an bínú sí i lórí tíì yẹn, nítorí aṣọ tábìlì tuntun ni.

Ọjọ́ tí ojú wa là, ńṣe la ń sọdá títì níwájú ọjà Ìkẹ́rẹ́. Mo wà lápá òsì rẹ̀. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún, kò sáré. Ọkọ mi kàn gbẹ́sẹ̀ bọ́ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wọ pálọ̀. Ọlọ́kadà náà yà bàrá, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó dìde, ó ń gbọn ara.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ríran ni?" ló fi ìbínú bi í.

A bẹ̀ ẹ́, ó lọ. A dé ilé, mo gbé omi fún ọkọ mi, kò mu ún. Ó ní, "Mi ò rí i lóòótọ́, Mọ́mì. Mi ò rí i rárá."

Dókítà ojú tí a lọ bá ní Adó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé ó ti ń kọsẹ̀ níbi tí òkúta wà lójú kedere? Ṣé igi tàbí ìlẹ̀kùn ti ń gbá a lójú lójijì? Ṣé nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí tábìlì? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó ń bi ọkọ mi, èmi ló ń bá. Mo tún rí ẹ̀ka igi inú oko kòkó yẹn. Mo gbọ́ ẹ̀rín mi.

"Gúlúkómà ni," dókítà wí. "Kì í dun èèyàn. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ojú bọ̀ wá sí àárín, ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀. Èyí tó ti lọ kì í padà. Èyí tó kù la ó gbìyànjú láti dì mú."

Mo bi í pé, bí a bá ti wá lọ́dún tó kọjá ńkọ́?

Ó kọjú sí mi. "À bá ti rí púpọ̀ dì mú, Mọ́mì."

A ń kán oògùn sójú rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú kan, wọ́n ṣe fún èkejì. Fún ìgbà díẹ̀ a rò pé ó dúró. Àmọ́ kí ọyẹ́ tó tún parí, kò lè ka ìwé ìròyìn mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ kò lè mọ ojú ẹni tó bá wọlé bí kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Lónìí, ó mọ̀ bí fèrèsé bá ṣí, ó sì mọ̀ bí ẹnì kan bá kọjá níwájú iná.

Ẹsẹ̀ mi, ní tirẹ̀, ń san. Mo ń jí láàárọ̀, mo ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kò dùn mí. Àwọn èèyàn ń bá mi yọ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni pé ara mi ń tijú ara rẹ̀. Gìgísẹ̀ mi pariwo, gbogbo ilé sáré tọ̀ ọ́ lọ. Ojú ọkọ mi dákẹ́, a sì jẹ́ kó dákẹ́ lọ.

Òun ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ òkè náà sílẹ̀.

"Mọ́mì, báwo lẹsẹ̀?"

"Ó ti san, Dádì."

"Ṣé ó san tó láti dé òkè ìyá mi?"

Àwọn ọmọ ta kò ó lórí fóònù. Wọ́n ní a fẹ́ lọ pa ara wa. Baba wọn tẹ́tí sí wọn tán, ó dá fóònù padà fún mi, ó ní kí n ra pílásítà tuntun. A dúró títí òjò fi rọ̀, a lọ.

Mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó di okùn báàgì náà mú lọ́wọ́ kan, ọ̀pá wà lọ́wọ́ kejì. Mo ń pe nǹkan fún un bí a ṣe ń lọ: gbòǹgbò, òkúta, ilẹ̀ yíyọ̀, ẹ̀ka, ẹ tẹríba. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nítorí ẹsẹ̀ mi, ó wúlò fún un. A ń gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìdábùú, a ń gbé ìgbésẹ̀ kéékèèké, a ń dúró bí nǹkan bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo bọ́ bàtà rẹ̀ wò nígbà kan, mo fi pílásítà lé ẹ̀gbẹ́ ìka rẹ̀ tó pọ́n.

Nígbà tí a dé orí òkúta tí mo jókòó sí lọ́jọ́sí, mo dúró. Ó bi mí kí ló dé.

"Ibí ni a ti padà lọ́jọ́ yẹn," ni mo wí.

A tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo ń múra ọkàn sílẹ̀ fún ìrìn gígùn. Kò gùn. A yí igun àpáta kan, igi tán, afẹ́fẹ́ sì kọlù wá. A ti dé orí rẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn tí mo ń bọ́ bàtà, bí ẹni tó wà lókè bá pè mí, màá gbọ́.

Òun náà mọ̀. "A ti dé?" ló bi mí. "Kò jìnnà nígbà náà."

"Kò jìnnà, Dádì."

Orí àpáta náà tẹ́ pẹrẹsẹ, òjò ti fọ̀ ọ́ mọ́. Igbó dúdú tó lọ sápá Ìsẹ̀ wà lápá kan, òrùlé páànù Ọ̀rùn ń dán lápá kejì. Mo wá ìhà Ìkẹ́rẹ́, mo sì rí i lóòótọ́. Ó jìnnà, ó dà bí aró, ṣùgbọ́n ó dá dúró lójú sánmà, kò sí ìkùukùu kankan tó bò ó.

"Mo rí i," ni mo wí.

"Apá ibo?"

Mo dì í ní èjìká, mo yí i síbẹ̀. Ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wo nǹkan.

"Báwo ló ṣe rí?"

Ọkùnrin tó fi ayé rẹ̀ júwe òkè fún ọmọ ọlọ́mọ ló ń bi mí léèrè, èmi tí kò fẹ́ràn òkè láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ó dúdú. Mo ní ó tóbi.

"Ṣé orí rẹ̀ rí roboto àbí ó ṣe ṣóńṣó?"

"Ó rí roboto."

"Ṣé ọ̀kan ni, àbí wọ́n ju ọ̀kan lọ?"

"Wọ́n ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan ga ju àwọn yòókù."

"Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn wà ńkọ́, ṣé ó ń dán?"

"Ó ń dán díẹ̀."

Ó ń béèrè, mo ń dáhùn, títí ìbéèrè fi tán lẹ́nu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó wá ní, "Ìyá mi kò parọ́ fún mi." Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bó ṣe dúpẹ́ yẹn dùn mí ju ohunkóhun tí gìgísẹ̀ mi ti ṣe fún mi rí. Ó yẹ kí ojú rẹ̀ ló rí i. Tèmi ló rí i, tí kò wá a.

A sọ̀kalẹ̀ láìfarapa. Kò tún sọ pé ká lọ síbòmíràn mọ́. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń rìn báyìí, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, láti ilé wa dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ máa ń kí i, ó sì máa ń mọ púpọ̀ nínú wọn látinú ohùn.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wá bá mi. Ó ní orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn mọ́, ó sì gbọ́ pé mo mọ̀ nípa ẹsẹ̀. Mo júwe ibi tí mo ti gba ìtọ́jú fún un. Mo wá bi í pé ta ló ń bá a gbélé. Ó ní ọkọ rẹ̀ ni. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti yẹ ojú wò.

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ń darúgbó. "Mọ́mì, orúnkún tèmi ni mò ń sọ."

Mo ní mo gbọ́. Mo ní kí ó lọ tọ́jú orúnkún náà dáadáa, àmọ́ kí àwọn méjèèjì jọ lọ yẹ ojú wò lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe ọkọ òun.